Ẹ Bi Bọ̀dá Alájẹ́sì: "C" tó wà láyà jẹ́sì Iginla yìí, ta ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ̀wé sí wa. Látìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ Jarome Iginla níbí, ìyẹn ọmọ tí bàbá ẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n bí sí Edmonton ní Kánádà lọ́dún 1977, tó wá di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú họ́kì orí yìnyín, ṣe ni lẹ́tà ń ya wọlé, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò ti ẹ̀ béèrè bó ṣe ń gbá gólù, jẹ́sì ẹ̀ lẹ fẹ́ rà. Èyí tó wọ̀ jáde sórí yìnyín gan-an o, kì í ṣe èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dáa, mo ti ṣa díẹ̀ nínú ìbéèrè yín jọ.

Bọ̀dá Alájẹ́sì, ẹ kú iṣẹ́. Calgary ni mò ń gbé, takisí ni mò ń wà. Ọkùnrin kan tí mo gbé ló sọ fún mi pé òun ní jẹ́sì tí Iginla wọ̀ ní sáà 2001-02, ọdún tó gbá gólù 52 yẹn. Ó fi fọ́tò ẹ̀ hàn mí, ó pupa, nọ́ńbà 12, lẹ́tà "C" ti balógun tíìmù wà láyà ẹ̀, ó sì ní ìwé ẹ̀rí tó ń dán gbinrin. Owó tó pè ò wọ́n rárá. Ṣé kí n sanwó? (Awakọ̀, Calgary)

Àbúrò mi, dúró ná. Òótọ́ ni pé Iginla gbá gólù 52 ní sáà yẹn, òun ló gbá gólù jù ní gbogbo NHL, ìyẹn líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ife ẹ̀yẹ Rocket Richard (ti ẹni tó gbá gólù jù) àti Art Ross (ti ẹni tí àpapọ̀ gólù tó gbá àtèyí tó bá wọn ṣe pọ̀ jù) ló sì kó pa pọ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ kò tíì di balógun Flames, tíìmù Calgary, nígbà yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2003-04 ni Craig Conroy gbé ipò náà sílẹ̀ fún un, "C" yẹn ò sì kúrò láyà ẹ̀ mọ́ títí tí Flames fi jẹ́ kó lọ sí Pittsburgh ní oṣù kẹta 2013. Torí náà "C" àti 2001-02 ò lè jọ wà lára aṣọ kan. Ọ̀kan nínú wọn irọ́ ni, ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n má tíì lé ọkùnrin náà lọ o, torí jẹ́sì ojúlówó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé lẹ́tà balógun máa ń gbé owó aṣọ sókè, á wá ká aṣọ náà lọ bá télọ̀ kó rán "C" mọ́ ọn. Ní kó jẹ́ kó o yí inú aṣọ náà síta. Wo ẹ̀yìn lẹ́tà yẹn dáadáa, ṣé òwú tí wọ́n fi rán an bá èyí tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà àti lẹ́yìn orúkọ mu? Ṣé ihò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ tí kò sí òwú nínú ẹ̀, tó fi hàn pé wọ́n ti tú nǹkan mìíì kúrò? Ṣé lẹ́tà náà funfun báláú nígbà tí gbogbo ibi tó yí i ká ti họ, tó ti yọ irun wúruwùru? Aṣọ tí wọ́n jọ wọ̀ tí wọ́n jọ fọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ó yẹ kí ara ẹ̀ gbó dọ́gba.

Lẹ́yìn ìyẹn, mọ ọdún. Ọdún ló ń mú irọ́ wọn jù, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú kì í ka ìtàn. NHL ò ṣe ìdíje kankan ní sáà 2004-05, àwọn tó ni tíìmù àtàwọn tó ń gbá a ò gbọ́ra wọn yé lórí owó, wọ́n wá wọ́gi lé gbogbo ẹ̀ pátápátá, torí náà ẹni bá kọ "2004-05, NHL" sórí ìwé ẹ̀rí, ẹ kí i kẹ́ ẹ máa lọ. Jẹ́sì Reebok Edge, èyí tó fún mọ́ra yẹn tí àwọn tó ń wọ̀ ọ́ kọ́kọ́ ń ráhùn pé òógùn ò gbẹ lára ẹ̀, ṣe ló ń ṣàn wọnú ìbọ̀wọ́ àti bàtà wọn, 2007 ló jáde. Adidas gbaṣẹ́ jẹ́sì NHL lọ́wọ́ Reebok ní 2017, Fanatics náà gbà á ní 2024. Tó o bá rí Reebok Edge lára jẹ́sì tí wọ́n ní Iginla wọ̀ nígbà tó bá Vincent Lecavalier ti Tampa Bay ja ìjà lórí yìnyín nínú eré àṣekágbá 2004, ìwọ náà ti mọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, tíìmù tó bá dé àṣekágbá Stanley Cup, ìyẹn ife NHL, bájì àṣekágbá ọdún yẹn máa ń wà láyà jẹ́sì wọn. Bí bájì ò bá sí ńkọ́? Kí ẹni tó ń tà á ṣàlàyé.

Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ṣáájú sáà 2003-04, jẹ́sì funfun ni tíìmù máa ń wọ̀ nílé, wọ́n á wọ aláwọ̀ tí wọ́n bá jáde, ní 2003 ni wọ́n yí i po tó fi jẹ́ pé aláwọ̀ ló wà nílé báyìí. Ẹni tó bá ní pupa yìí ni Iginla wọ̀ nílé ní Saddledome, pápá Flames, ní 2002, kó sọ eré tó jẹ́ fún ẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹ́sì ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n máa ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kó dárúkọ ọjọ́.

Èyí tó wá ṣe kókó jù, tí àwa tá a ń kó jẹ́sì jọ ò fi ń sùn lóru, ni ká fi aṣọ wé fọ́tò. Aṣọ tí wọ́n ń rán nọ́ńbà mọ́, ihò wínníwínní ló kún ara ẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló ń tẹ́ nọ́ńbà lé e tó ń rán an, kò sí bó ṣe lè tẹ́ méjì kí etí nọ́ńbà bọ́ sórí ihò kan náà, bí ìlà àtẹ̀ka ọwọ́ ni, ti oníkálùkù yàtọ̀. Bákan náà ni àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà I-G-I-N-L-A lẹ́yìn ẹ̀, "N" lè gun "L" díẹ̀ lórí ọ̀kan, kó jìnnà sí i lórí òmíì. Wàá wá wá fọ́tò tó mọ́ dáadáa tí àwọn oníròyìn yà lọ́jọ́ eré, Getty, iléeṣẹ́ tó ń ta fọ́tò, ní ẹgbàágbèje wọn, wàá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ, wàá ka ihò, wàá wo ibi tí wọ́n ti fi òwú lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ya, wàá wo òwú tó yọ lápá òsì, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Iṣẹ́ tó ń múni lójú ni. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn, irú bíi MeiGray ní New Jersey, wọ́n tún máa ń fi nọ́ńbà forúkọ jẹ́sì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kéèyàn lè padà wá a.

Ìwé ẹ̀rí tó ń dán gbinrin yẹn ńkọ́? Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Béèrè ẹni tó buwọ́ lù ú, béèrè bó ṣe mọ̀. Tíìmù ló fún un ni àbí ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹnì kan? Ìwé tí tíìmù fúnra wọn fún èèyàn lọ́jọ́ tí wọ́n ta aṣọ náà wúlò, ìwé tí ẹni tó ń tajà kọ fúnra ẹ̀ pé ọjà òun dáa, kí ni mo fẹ́ pe ìyẹn? Ní kó fún ẹ ní fọ́tò tó bá aṣọ mu. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ó ti dá ẹ lóhùn nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ó fi owó gidi ra jẹ́sì họ́kì kan, ti ẹnì kan tí mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí láyé mi. Àmì dúdú dúdú wà lára ẹ̀, apá kan ti ya wọ́n sì rán an pọ̀ bí òbí ò ṣe gbọdọ̀ rán ti ọmọ ẹ̀ lọ síléèwé, ó sì ń rùn. Ó wá fi háńgà onírin gbé e kọ́ sí pálọ̀ níwájú fèrèsé, ó ní ẹni tó bá fomi kàn án, òun àti onítọ̀hún ni. Ṣé kí n fi Hypo díẹ̀ sí i tó bá lọ síbi iṣẹ́? (Ìyá Ìbejì, Brampton)

Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé Hypo yẹn padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Àmì dúdú tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, ibẹ̀ lowó wà. Pọ́ọ̀kì tí wọ́n ń gbá, rọ́bà líle dúdú ni, tó bá ti ba èèyàn lára á fi àpá sílẹ̀ lára aṣọ. Igi tí wọ́n fi ń gbá a, táàpù dúdú ni wọ́n sábà máa ń wé mọ́ ẹnu ẹ̀, òun náà ń fi àpá sílẹ̀. Tí wọ́n bá tún gbá èèyàn mọ́ pátákó tó yí pápá ká, ọ̀dà ara pátákó á lẹ̀ mọ́ èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, ibòmíì á dà bí ibi tí ayọ́ọ̀nù ti jó. Ibi tó ya tí wọ́n rán yẹn, ẹni tó ń tọ́jú ẹrù tíìmù ló rán an, bóyá láàárín eré gan-an pàápàá, kì í wá ẹwà, ó ń wá bí ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣe máa padà sórí yìnyín kí wọ́n tó fun fèrè. Gbogbo ẹ̀ ló máa hàn nínú fọ́tò. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ ti fọ ẹ̀rí dànù.

Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé òórùn yẹn ò jẹ́rìí nǹkan kan o. Tíìmù NHL máa ń fọ jẹ́sì lẹ́yìn eré, ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá ńlá ló wà níbi iṣẹ́ wọn. Ohun tí ìfọṣọ ò lè mú kúrò ló ṣẹ́ kù fún wa. Tí ẹnì kan bá ń ta aṣọ tó ní "ẹ gbọ́ òórùn òógùn ẹ̀," ẹ fura.

Lórí ọ̀rọ̀ fèrèsé, ẹ̀yin lẹ jàre. Oòrùn á jẹ àwọ̀ aṣọ náà títí tí pupa fi máa di òdòdó tó ti rọ. Háńgà onírin á fa èjìká ẹ̀ gùn, ó sì lè ta ìpẹtà sí i. Kí wọ́n má fi nylon wé e, omi á máa kóra jọ síbẹ̀, kí wọ́n má sì ju káńfọ̀ sí i bí aṣọ òkè ìyá àgbà. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú báàgì aṣọ tàbí àpótí, aṣọ funfun mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi sáàárín ibi tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ po kí nọ́ńbà má bàa lẹ̀ mọ́ra. Òórùn tó kù, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá tí oòrùn ò dé, á rọlẹ̀. Tó bá sì fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri kí àwọn àlejò rí i, kó ṣe férémù tó ní gíláàsì tó ń dènà oòrùn. Ìyẹn wọ́n díẹ̀. Òun ló ni jẹ́sì.

Mo máa ń rí "game-worn", "team-issued", "authentic", "replica". Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ OAU, Ilé-Ifẹ̀)

Rárá o. Replica ni tèmi tìẹ, fún àwa tá a fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìnáwó. Authentic, aṣọ tó dáa tó jọ tiwọn, ṣọ́ọ̀bù náà ni. Team-issued, wọ́n rán an fún ẹni yẹn lóòótọ́ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀, àmọ́ kò wọ̀ ọ́ jáde, bóyá wọ́n ti tà á sí tíìmù mìíì kó tó kàn án, bóyá ó farapa. Game-worn ni èyí tó jáde sórí yìnyín. Owó wọn yàtọ̀ síra gidi gan-an, ibẹ̀ sì ni ẹni tí kò lójú tì ti ń jẹun: á gbé team-issued, á fi igi họ́kì ha á lára, á fi pọ́ọ̀kì gbá a ní báàkiyáàdì ẹ̀, ó di game-worn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo okùn kékeré tó wà nínú ẹ̀yìn jẹ́sì, èyí tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ṣòkòtò. Ó wà nítorí ìjà. Rob Ray kan wà ní Buffalo tó jẹ́ pé tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, jẹ́sì ẹ̀ ti bọ́, alátakò ò wá rí ohun tó máa dì mú, NHL wá ṣòfin pé ẹni tí kò bá so okùn ẹ̀ tí jẹ́sì ẹ̀ bọ́ nínú ìjà, wọ́n á lé e jáde. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe òfin náà di báyìí. Àmọ́ authentic inú ṣọ́ọ̀bù náà ní okùn yẹn báyìí, torí náà okùn nìkan ò tó. Kó o wo bóyá ó ti fẹ̀, bóyá ibi tó máa ń lẹ̀ mọ́ra tó máa ń dún fàààà yẹn ti ya aṣọ tó wà lábẹ́ ẹ̀ wúruwùru. Èyí tí wọn ò lò rí á ṣì lẹ̀ gbagidi.

Bọ̀dá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Houston ń ronú láti kó owó jọ ra jẹ́sì Gretzky kan, ká tọ́jú ẹ̀, ká tà á tó bá gbówó lórí. Kí lẹ rí sí i? (Akọ̀wé Ẹgbẹ́)

Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ kà. Ní 2022 wọ́n ta jẹ́sì tí Wayne Gretzky, àgbà ọ̀jẹ̀ họ́kì tí gbogbo ayé mọ̀, wọ̀ gbẹ̀yìn fún Edmonton Oilers ní gbàǹjo, $1,452,000. Òun ló wọ̀ lálẹ́ May 26, 1988 tí wọ́n gba ife Stanley Cup, kò sì wọ ti Edmonton mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, oṣù kẹjọ ni wọ́n tà á sí Los Angeles. (Ẹ gbọ́ èyí ná: ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n ń gbá eré lọ́wọ́ ní Boston, ó ti di 3-3, ni iná bá lọ. Iná lọ pátápátá ní Amẹ́ríkà! Eré ò lè parí, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé e padà sí Edmonton.) Ṣáájú ìyẹn, ní 2010, jẹ́sì Paul Henderson ti kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là. Òun ló gbá gólù tí Kánádà fi borí Soviet ní Moscow ní September 28, 1972, eré kẹjọ tó kẹ́yìn nínú mẹ́jọ tí wọ́n jọ gbá, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 34 kó parí. Olùtọ́jú tíìmù ni Henderson fi jẹ́sì náà ta lọ́rẹ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó rò pé ó máa di owó.

Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Wọn ò ra aṣọ níbẹ̀ yẹn, alẹ́ kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè ò gbàgbé ni wọ́n rà. Jẹ́sì Gretzky mìíì tó wọ̀ ní ọjọ́ Tuesday kan tí ẹnikẹ́ni ò rántí ò ní mú irú owó yẹn wá. Yàtọ̀ síyẹn, oníigbàǹjo á fi tiẹ̀ lé e, ó sábà máa ń tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye tẹ́ ẹ bá pè, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ tà á, ẹ̀yin náà á san tiyín fún oníigbàǹjo, owó orí wà níbẹ̀, ìnṣọ́ránsì wà níbẹ̀, ẹni tó máa rà á lè má yọjú títí ọmọ ẹgbẹ́ kan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó ẹ̀ nítorí ìsìnkú bàbá ẹ̀. Mi ò ní fi owó àjọ ra jẹ́sì. Owó tó bá sọnù tí ilé ò ní dàrú ni mo máa fi rà á, tí mo sì fẹ́ràn aṣọ náà.

Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ti àtijọ́ ló wọ́n jù, ìdí ẹ̀ ni pé wọn ò tọ́jú wọn. Olówùú ni nígbà yẹn, wọ́n á wọ̀ ọ́ títí, tó bá gbó díẹ̀ wọ́n á gbé e fún tíìmù kékeré tó wà lábẹ́ wọn, ìyẹn á lò ó tán pátá. Orúkọ ò sì sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn, sáà 1977-78 ni NHL sọ ọ́ di dandan. Harold Ballard tó ni tíìmù Toronto ò fẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó máa ra ìwé ètò eré mọ́, nígbà tí wọ́n fúngun mọ́ ọn ní 1978 ó fi lẹ́tà búlúù rán orúkọ sórí jẹ́sì búlúù. Ẹ wo agídí!

Agége ni mo wà o, owó mi ò tó ti Iginla. Ṣé kò sí ọmọ Nàìjíríà mìíì tí mo lè ra tiẹ̀? (Ọmọ Agége)

Ó wà. Rumun Ndur, Zaria ni wọ́n bí i sí ní 1975, ó gbá a fún Buffalo, New York Rangers àti Atlanta. Akim Aliu náà, Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìyá ẹ̀ wá láti Ukraine, Kyiv ló ti kọ́kọ́ dàgbà kí wọ́n tó lọ Toronto, eré méje ló gbá ní NHL, Calgary ló sì ti gbá gbogbo ẹ̀. Ti Calgary ẹ̀ máa ṣọ̀wọ́n torí eré yẹn ò pọ̀, àmọ́ ó gbá a fún àwọn tíìmù kéékèèké tó pọ̀, tiwọn máa ń dínwó jù. Ọmọ Iginla pàápàá, Tij, òun ni tíìmù Utah kọ́kọ́ mú nínú ìtàn wọn nígbà tí àwọn tíìmù NHL ń yan ọ̀dọ́ ní 2024, òun sì ni ẹnì kẹfà tí wọ́n yàn, fi ojú sí i lára.

Líìgì kékeré bíi ECHL ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tíìmù ibẹ̀ máa ń wọ jẹ́sì aláràbarà kan fún alẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n á ta gbogbo ẹ̀ ní gbàǹjo lẹ́yìn eré, owó ẹ̀ á lọ fún iṣẹ́ àánú. Ó dínwó, tíìmù fúnra wọn ló ń tà á, kò sí pé ẹnì kan sọ fún ẹnì kan. Má fi owó ránṣẹ́ tààrà sínú àkáùǹtì ẹni tí o ò mọ̀, ọ̀nà tó ṣeé gba owó padà ni kó o gbà san án. Tó o bá ní mọ̀lẹ́bí ní Kánádà tàbí Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n gbà á, kí wọ́n kọ́kọ́ yà á ní fọ́tò síta sínú kó o lè wò ó kí owó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, lẹ́yìn náà ni ẹni tó bá ń bọ̀ wálé á gbé e bọ̀. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè béèrè ohun tó jẹ́ àti iye tó o rà á, fi rìsíìtì sínú ẹ̀.

Ṣé èèyàn ò lè kàn bẹ ẹni tó wọ̀ ọ́ kó bọ́ ọ fúnni lẹ́yìn eré ni? (Ọmọ ọdún 12, Regina)

Àbúrò, gbìyànjú igi tàbí pọ́ọ̀kì, ìyẹn ni wọ́n máa ń jù fáwọn ọmọdé. Tíìmù ló ni jẹ́sì. Àmọ́ ní kí dádì ẹ bá ẹ wádìí lọ́dọ̀ tíìmù tó sún mọ́ yín bóyá wọ́n máa ń ta ẹrù tí wọ́n ti lò tí sáà bá parí, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe é, àwọn ìbọ̀wọ́, igi, jẹ́sì àwọn tí orúkọ wọn ò tíì jáde. Kẹ́ ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kùtù, torí àwọn àgbà tó ń kó jẹ́sì jọ ti máa ń tò síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn ò sì ní torí pé o kéré kí wọ́n yẹ̀ fún ẹ.